Ẹ Kó Àwọn Lẹ́tà Náà Wá Kí A Tó Gbẹ́ Òkúta

 Ọdún àjọ̀dún kì í dé kí ọ̀rọ̀ ohun ìrántí má tẹ̀lé e. Àwọn kan nínú wa ń fẹ́ kí a gbẹ́ orúkọ àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa sára òkúta dídán, kí a sì gbé e ró níwájú gbọ̀ngàn. Àwọn mìíràn ń fẹ́ ère. N kò lòdì sí òkúta, n kò sì lòdì sí ère, bí owó bá wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àyè tí olóòtú yọ̀ǹda fún mi yìí ni pé òkúta kò gbọdọ̀ ṣáájú. Ìwé ni kí ó ṣáájú: lẹ́tà tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ, lẹ́tà tí a kọ sí wọn, ìwé ìwàásù wọn, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ wọn, èyí tí ó wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn àwọn opó àti àwọn ọmọ wọn káàkiri Ìsọlọ̀, Òṣòdì, Èjìgbò, àti títí dé òkè òkun.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn òkúta méjìlá tí Joṣua ní kí a gbé jáde láti inú odò Jọ́dánì. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni pé a kò fi òkúta wọ̀nyí sílẹ̀ láti máa sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ọlọ́run ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ yóò béèrè ìtumọ̀ wọn, a sì ti pa á láṣẹ fún àwọn bàbá pé kí wọ́n dá ọmọ lóhùn. Bí àwọn bàbá bá wá kú tán ńkọ́? Òkúta yóò wà níbẹ̀, ìbéèrè yóò wà níbẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò dáhùn.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò kò jìnnà sí wa rárá. Àlùfáà Samuel Johnson ni ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí àwọn òpìtàn kò tíì lè gbójú fò títí di òní. A bí i ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ní ọdún 1846. Bàbá rẹ̀ sọ pé ìran Aláàfin Abíọ́dún ni òun. Ní ìparí àwọn ọdún 1850 ni ìdílé náà padà sí ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Ìbàdàn, lọ́dọ̀ Àlùfáà David Hinderer, míṣọ́nnárì C.M.S., ní Kúdẹtì. Samuel kàwé ní Abẹ́òkúta, ó ṣe olùkọ́ ilé-ìwé ní Ìbàdàn, a fi í jẹ díákónì ní 1880, ó di àlùfáà ní 1888, Ọ̀yọ́ ni ó sì ti ń ṣe olùṣọ́ àgùntàn títí ó fi kú ní 1901. Lásìkò ogun Kírìjì, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni gómìnà Èkó ń rán sí àgọ́ ogun méjèèjì, títí àdéhùn àlàáfíà fi wáyé ní 1886. Ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó kọ ṣojú rẹ̀ ni.

Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi ṣe iṣẹ́ ìwé náà. Ó tẹ́tí sí àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti fi orí pa ìtàn àwọn ọba mọ́. Ó bi àwọn àgbà léèrè, àwọn bí Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, àti David Kukomi, bàbá ìjọ Ìbàdàn. Ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ó rí i pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń kú lọ. Ní 1897, ó parí rẹ̀. Ní 1899, a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ìlú Òyìnbó ní 1900, ó lọ bá atẹ̀wé náà. Èsì tí ó gbà ni pé ìwé náà ti sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, pé wọn kò rí i, àti pé àwọn ṣetán láti san owó rẹ̀. Owó! Ta ni yóò ṣírò iye tí ogún ọdún jẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà tí wọ́n ti wà ní sàárè? Dókítà Obadiah kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun fura pé ọ̀ràn náà ju bí a ti sọ ọ́ lọ. Èmi náà fura, ṣùgbọ́n ẹjọ́ yẹn ti di ti ọ̀run.

Ní ọdún kejì, Samuel kú. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ká ní òkúta ìrántí nìkan ni ìdílé Johnson rò, wọn ì bá gbẹ́ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ọjọ́ ikú rẹ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ Bíbélì kan tì í, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ìtàn bí Ọ̀yọ́ àtijọ́ ṣe tú, ìtàn Ìjàyè, ìtàn Kírìjì gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ ṣe rí i, gbogbo rẹ̀ ì bá bá a wọ ilẹ̀. Ohun tí ó gbà wá ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tí ó kó ìwé olóògbé dà sínú iná. Àwọn àkíyèsí tí ó kọ sílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tí kì í ṣe ojúlówó wà níbẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé yóò pè ní pàǹtí ni ó wà níbẹ̀.

Dókítà Obadiah kì í ṣe òpìtàn. Oníṣègùn ni, ó sì tún jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó láti 1901 títí di 1913. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n òun, títóbi iṣẹ́ náà àti ọ̀ranyàn iṣẹ́ òògùn kò jẹ́ kí òun lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó wá fọwọ́ kàn án, ó tún gbogbo ìwé náà kọ láti inú ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti ka Jeremáyà orí kẹrìndínlógójì yóò ti rántí Ọba Jehoiakimu, tí ó jókòó ti iná ní ìgbà òtútù, tí ó ń fi ọ̀bẹ gé ìwé wòlíì tí ó sì ń jù ú sínú iná. Baruku tún ìwé náà kọ. Ṣùgbọ́n Jeremáyà ṣì wà láàyè ní tirẹ̀, ó ń pè é jáde fún un láti ẹnu. Obadiah kò ní ẹnu kankan láti tẹ́tí sí mọ́. Bébà nìkan ni ó ní.

Àìrìnnàkore kò tíì tán. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, a fi ìwé náà sínú ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Appam, tí ó ń ti Èkó lọ sí ìlú Òyìnbó. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ gba Amẹ́ríkà lọ, sí ìpínlẹ̀ Virginia. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó tẹ àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́, nígbà tí yóò sì fi dé ọ̀dọ̀ wọn, bébà ti di ọ̀wọ́n gógó. Dókítà Obadiah kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde. Nínú tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sí èyí tí ó fi ojú rí i.

Mo máa ń ronú nípa àwọn tí ó wà nínú ilé náà láàárín 1901 sí ìgbà tí Obadiah padà fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí. Ìwé tí kò sí ẹni tí ń kà á gba àyè nínú ilé. Ikán fẹ́ràn rẹ̀, òjò fẹ́ràn rẹ̀, ọmọ kékeré sì fẹ́ fi ya àwòrán. Síbẹ̀ ẹnì kan ń gbé e kúrò nílẹ̀, ó ń gbá abẹ́ rẹ̀, ó sì ń dá a padà. Orúkọ onítọ̀hún kò sí lára ìwé ìtàn náà.

Láti inú ọgbà míṣọ́nnárì kan náà ní Kúdẹtì ni àpẹẹrẹ kejì ti wá. Ìyáàfin Anna Hinderer, aya Àlùfáà David, kú ní ìlú rẹ̀ ní 1870. Ní 1872, a tẹ ìwé kan jáde nípa ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó lò ní ilẹ̀ Yorùbá, inú lẹ́tà tí ó kọ sílé àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ni a sì ti ṣà á jọ. Ó ń kọ lẹ́tà, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tọ́jú lẹ́tà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nípa èyí ni a fi mọ̀ nípa Akínyẹlé àti Yéjídé, ọmọ Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́, tí wọ́n wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì ní Ìbàdàn. Ẹ wo bí ó ti rí: lẹ́tà tí obìnrin òyìnbó kan kọ sí ìbátan rẹ̀ ni ó di ìwé ìrántí fún ọmọ Ìbàdàn. Àwọn obìnrin Kúdẹtì tí wọ́n jọ tọ́ àwọn ọmọ náà ńkọ́? Wọn kò kọ lẹ́tà, a kò sì gbọ́ ohùn wọn. Ó máa ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Bí a bá wá kúrò níbi àwọn míṣọ́nnárì, tí a bọ́ sí ìgbà tí ó súnmọ́ wa, orúkọ D. O. Fágúnwà ni yóò kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ọmọ Òkè-Igbó, tí a bí ní 1903, olùkọ́ ní St Andrew's ní Ọ̀yọ́, ẹni tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Odò ni ó gbé e lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ní Òkè-Igbó, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ohun tí ó tọ́ ni wọ́n ṣe. Nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún tí ó kú, ní 2013, àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ ní Àkúrẹ́ láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ni ó mú kí wọ́n péjọ, kì í ṣe pátákó ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Bí mo bá sì fẹ́ mọ Fágúnwà ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, bí ó ṣe ń wo ayé nígbà tí kò ronú kan iwin àti irúnmalẹ̀, ìwé ìrìnàjò rẹ̀ sí ìlú Òyìnbó ni n óò ṣí, èyí tí ó jáde ní apá méjì ní 1949 àti 1951. Níbẹ̀ ni ó ti sọ ti ara rẹ̀.

Ìlú kékeré kan wà lára ilẹ̀ Bìrìtéènì tí ń jẹ́ Wales. Wọ́n ní èdè tiwọn, wọ́n sì ti ní Bíbélì ní èdè náà láti 1588, kí tiwa tó dé ní ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Darandaran kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ akéwì, Hedd Wyn ni orúkọ tí ó fi ń kọ ewì. Ó kú sógun ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, 1917. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tí a pe orúkọ ẹni tí ewì rẹ̀ gba ipò kìíní nínú àjọ ńlá tí wọ́n ti ń díje lórí ewì, olóògbé ni ẹni tí a pè, wọ́n sì fi aṣọ dúdú bo àga ẹ̀yẹ rẹ̀. Wọ́n gbé ère rẹ̀ ró lábúlé ní 1923. Ṣùgbọ́n ilé àwọn òbí rẹ̀, nínú oko tí ń jẹ́ Yr Ysgwrn, ni àwọn àlejò ń wọ́ lọ. Gerald Williams, ọmọ ọmọ ìyá akéwì náà, ti ṣe ìlérí fún ìyá-ìyá rẹ̀ pé òun kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ó jẹ́ àgbẹ̀ lásán. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó ń fi àga àti àwọn ohun ìní olóògbé hàn wọ́n títí ó fi di arúgbó. Ní 2012 ni ìjọba wá gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ère wà, ó dára. Ẹni tí ń dáhùn ìbéèrè ni ó mú kí ère náà ní ìtumọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Iṣẹ́ mi mú kí n máa wọ ilé ọ̀fọ̀ lemọ́lemọ́, mo sì mọ bí ó ti máa ń rí ní àdúgbò wa yìí. Bàbá kú. A ná owó lórí pósí, lórí aṣọ ẹbí, lórí kánópì àti oúnjẹ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn ọmọ pàdé lórí ilé, wọ́n fẹ́ tà á tàbí kí wọ́n fi yàrá rẹ̀ háyà. Àga ní ẹni tí ń gbé e, tẹlifíṣọ̀n ní ẹni tí ń gbé e. Àpótí ìwé kò ní olówó. Bí ó bá ṣe oríire, ó lọ sí ilé-ẹrù. Bí kò bá ṣe oríire, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́pà, ẹ̀yin náà yóò sì ti ra ẹ̀pà rí tí a fi lẹ́tà ẹlòmíràn pọ́n fún yín.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò tún ní kí àlùfáà ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé níbi ìsìn ìdúpẹ́! Mo ti ka irú rẹ̀ tí n kò lè ka iye. A bí i, ó lọ sí ilé-ìwé, ó ṣiṣẹ́, ó ṣe baálé ilé rere, ó fẹ́ràn àlejò, ó sùn nínú Olúwa. Bí a bá pa orúkọ rẹ́, ìtàn ẹni kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Kì í ṣe pé àwọn olóògbé jọ ara wọn. Àwa ni a kò wo inú àpótí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní lẹ́tà ìdílé ní àṣírí nínú, pé gbèsè wà níbẹ̀, ìjà orogún wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tí a kò mọ̀ wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Kò sì sí ẹni tí ó ní kí a kà wọ́n sókè nínú gbọ̀ngàn. Ìdílé lè di lẹ́tà sínú àpò, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ṣí i fún ọgbọ̀n ọdún tàbí àádọ́ta ọdún, kí ilé-ẹ̀kọ́ sì bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tí a bá fi pamọ́, a ṣì lè bò ó. Ohun tí a bá sun, a kò lè rí i mọ́. Ìwé Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, wà ní ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Macaulay ní ọ̀tá tí ó pọ̀, àwọn òpìtàn sì ti rí ohun tí ó gbé e ga àti ohun tí kò gbé e ga nínú ìwé náà. Kò wó orúkọ rẹ̀ lulẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní yàrá kẹ́míkà kò tó, orí òrùlé ń jò, kí ni a fẹ́ fi yàrá ìwé àwọn òkú ṣe? Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n owó òkúta dídán tí a ń sọ yìí, ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin méjì tí ikán kò lè jẹ. Yàrá kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìkàwé tó, bí a bá ti kọ́kọ́ rí i dájú pé òjò kò wọ ibẹ̀ tí omi àgbàrá kò sì dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ojúlówó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó jẹ́ kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí ó sì mú tirẹ̀ lọ sílé. Ẹ má ṣe lẹ lẹ́tà mọ́ ara wọn, ẹ má ṣe fi lẹ́ẹ̀dì gígùn kọ nǹkan sí ojú fọ́tò. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi rọra kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, lónìí, nígbà tí ẹni tí ó dá ojú wọn mọ̀ ṣì wà láyé.

Kí àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ni kí ó máa ràn wá lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ́ bí a ti ń ka ìkọ̀wé àtijọ́, kí wọ́n mọ bí a ti ń kọ Yorùbá kí a tó tún àkọtọ́ ṣe. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú lẹ́tà tí olùkọ́ kan kọ láti fi bẹ̀bẹ̀ pé kí a má lé ọmọ tálákà kan nítorí owó ilé-ìwé, yóò mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí òun wà ju ọmọ tí ó kan ń kọjá lára orúkọ tí a gbẹ́ sára ògiri lọ.

Àgbà àpọ́sítélì náà, nígbà tí ó mọ̀ pé ọjọ́ òun kù díẹ̀, nínú ẹ̀wọ̀n, ohun tí ó ní kí Tímótì bá òun mú wá ni aṣọ òtútù àti ìwé, ní pàtàkì àwọn ìwé awọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ẹsẹ̀ yẹn ni a máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n ń kó ìwé jọ láìdáwọ́ dúró. Nísinsin yìí tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, n kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ìdì lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ èmi náà. Olùkọ́ wa kan tí ó ti di olóògbé ni ó kọ wọ́n sí mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, nígbà tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún kejì. Mo ti bi àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ti gbà. Méjìdínlógún ni wọ́n, okùn bàtà ni mo fi dì wọ́n. Ní Sátidé àjọ̀dún ni n óò gbé wọn wá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìgbìmọ̀ ti ra kọ́bọ́ọ̀dù kan ó kéré tán kí n tó dé.